A ní kí sólà sá, a tún ní kó dúró

Àbúrò mi obìnrin pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti ka nǹkan kan lórí fóònù ẹ̀ nípa iná oòrùn, ó sì fẹ́ fi mí ṣẹ̀fẹ̀. "Bọ̀dá mi, ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe yìí, ọmọdé lè ṣe é. Oòrùn yọ, iná dé. Oòrùn wọ̀, iná lọ. Kí lẹ wá ń fi kọ̀ǹpútà méjì ṣe?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní màá pè é padà. Mi ò tíì pè é. Ìdáhùn tó yẹ kí n fún un gùn ju ọ̀rọ̀ orí fóònù lọ, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ síbí.

Ìbéèrè kan náà ni gbogbo ènìyàn máa ń bi mí: tí oòrùn bá wá wọ̀ ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni, màá dé orí ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 14 tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, oòrùn tó wọ̀ ò tíì jí mi lójú oorun rí. Gbogbo wa la mọ àsìkò tó ń wọ̀. Ohun tó ń jí mi ni nǹkan tí kì í pẹ́ tó kí ènìyàn ṣẹ́jú.

Yàrá kan tí kò ní fèrèsé ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ gíríìdì, ìyẹn gbogbo wáyà, òpó àti tiransifọ́mà tó so àwọn tó ń mú iná jáde pọ̀ mọ́ àwọn tó ń lò ó. Iṣẹ́ òru ni wọ́n fi mí sí. Nọ́ńbà pupa kan wà lára ògiri, ó gùn tó apá mi: 50.00. Tó bá yá, 49.97. Tó bá tún yá, 50.02. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ na ìka sí i, ó ní, "Bí ìyàwó ẹ bá pè ẹ́, gbé e. Ṣùgbọ́n ojú ẹ ò gbọdọ̀ kúrò lára èyí." Mi ò tíì níyàwó nígbà yẹn. Mo kàn ní, "Mo ti gbọ́, sà."

Frequency ni wọ́n ń pe nọ́ńbà yẹn. Iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ nínú wáyà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni: 50 ní ibi púpọ̀ láyé, 60 ní Àríwá Amẹ́ríkà àti àwọn ibòmíràn. Iná inú wáyà kì í ṣe omi tí a pọn sínú ìkòkò. Èyí tí wọ́n ń mú jáde báyìí ni wọ́n ń lò báyìí. Bí ìlò bá fi díẹ̀ ju ìmújáde lọ, nọ́ńbà yẹn á máa wálẹ̀; bí ìmújáde bá ju ìlò lọ, á máa gòkè. Bó bá wá sílẹ̀ jù tàbí tó gòkè jù, àwọn ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í já ara wọn kúrò kí wọ́n má baà bàjẹ́, bí ọ̀kan bá sì ti lọ, ẹrù tirẹ̀ á bọ́ sí orí àwọn tó kù.

Láyé àtijọ́, irin ló ń gbé nọ́ńbà yẹn ró. Nínú àwọn ilé iṣẹ́ amúnáwá tó ń lo gáàsì, èédú tàbí omi, irin ńláńlá tó wúwo ní ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù ló ń yí, gbogbo wọn láti ìpẹ̀kun gíríìdì kan dé ìkejì ló sì ń yí ní ìṣísẹ̀ kan náà. Bí ilé iṣẹ́ kan bá kú lójijì, àwọn tó kù á rọra falẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n irin tó wúwo báyẹn kì í dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ipá tó wà nínú yíyí rẹ̀ á bá wa san gbèsè náà fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kí ẹlòmíràn tó ráyè tẹná mọ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní inertia. Èmi ń pè é ní owó àpò. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n òun lò ń ná kó o tó dé báǹkì.

Sólà ò ní irin kankan tó ń yí. Iná tààrà ni páńẹ́ẹ̀lì ń mú jáde, inverter ló ń fi àwọn ṣíwíìṣì kéékèèké tí kò ṣeé fojú rí, tó ń ṣí tó ń tì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, sọ ọ́ di iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn inverter tó wà lóde, gíríìdì ni wọ́n ń tẹ́tí sí: wọ́n á gbọ́ bí iná ṣe ń lọ, wọ́n á sì ju tiwọn sí i ní ìbámu. Wọn ò lè dá ìlù lù, wọ́n kàn mọ̀ ọ́n jó ni. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ òde òní náà, àwọn tó ń fi afẹ́fẹ́ mú iná jáde, bí abẹ̀bẹ̀ wọn ṣe tóbi tó, inverter ló wà láàárín wọn àti gíríìdì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an nìyí. Nígbà tí sólà ṣì kéré, tó jẹ́ pé orí òrùlé ilé díẹ̀ ló wà, àwa fúnra wa la kọ́ ọ pé kó máa sá. Kò sẹ́ni tó fi ìkà ṣe é. Ẹ̀rù tó ń ba àwọn ẹlẹ́rọ ni ti àwọn tó ń gun òpó: kí wọ́n pa iná kí ọkùnrin kan gun òkè lọ tún wáyà ṣe, kí òrùlé ẹnìkan sì máa ti iná sínú wáyà kan náà láti ìsàlẹ̀. Nítorí náà, òfin ni pé bó o bá ti rí ohun àjèjì, kúrò lọ́nà. IEEE 1547, òfin tí ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́rọ kọ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2003, sọ pé bí voltage, ìyẹn ipá tó ń ti iná lọ nínú wáyà, bá já wálẹ̀ ju ìdajì lọ, inverter gbọ́dọ̀ ti kúrò kó tó pé ìdá 0.16 ìṣẹ́jú àáyá. Kò sì gbọdọ̀ dá sí bí voltage ṣe ń rìn. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná tó wà ní ìlà náà ni kó bójú tó ìyẹn.

Bí ẹ̀rọ kan bá sá, ta ló máa mọ̀? Ó wá ku ìgbà tí wọ́n di ọ̀kẹ́ àìmọye, tí gbogbo wọn sì ní nọ́ńbà kan náà nínú.

Jámánì ló kọ́kọ́ rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ti di ńlá. Òfin wọn ní kí inverter kúrò bí frequency bá ti dé 50.2. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 2011, sólà tó ní nọ́ńbà yẹn nínú ti pọ̀ ju ohun tí gíríìdì gbogbo Yúróòpù lè fara mọ́ lọ lẹ́ẹ̀kan: nǹkan bíi mẹ́gáwáàtì 3,000 ni wọ́n tọ́jú sílẹ̀ de àdánù òjijì níbẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó. 50.2 túmọ̀ sí pé iná pọ̀ jù díẹ̀. Bí gbogbo sólà bá kúrò lẹ́ẹ̀kan náà nítorí pé iná pọ̀ díẹ̀, iná ò ní pọ̀ mọ́, àìtó ńlá ló máa délẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà. Lọ́dún 2012 ìjọba wọn ṣòfin pé kí wọ́n tún nǹkan bí 315,000 ẹ̀rọ sólà ṣe nítorí nọ́ńbà kan ṣoṣo yẹn. Mo máa ń ronú kan àwọn oníṣẹ́ tó gbé laptop kiri.

Ní California, ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 2016, iná ìgbẹ́ kan jó dé ìdí àwọn òpó ńlá. Èéfín àti ooru mú kí wáyà ṣáná, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀, àwọn breaker tó ń já iná sì ṣiṣẹ́ wọn bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n sólà tó tó nǹkan bíi mẹ́gáwáàtì 1,200 pòórá, láti ibi tó jìnnà síbi iná. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ inverter ló rò pé frequency ti já láti 60 sí ìsàlẹ̀ 57. Irọ́ ni. Frequency gíríìdì ò sún mọ́ ibẹ̀ rárá. Ìró iná, ìyẹn bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ló dàrú fún ìdá kékeré kan nínú ìṣẹ́jú àáyá nígbà tí wáyà ṣáná, àwọn ẹ̀rọ yìí wọn nǹkan lórí ẹyọ ìró tó dàrú yẹn, wọ́n sì gba èsì ẹ̀ gbọ́. Bí ẹni tó gbọ́ tí àwo fọ́ ní kíṣìnì, tó ti bẹ́ jáde lójú fèrèsé. Kí ni àtúnṣe? Wọ́n ní kí wọ́n máa dúró díẹ̀, kí wọ́n tún un wọ̀n, kí wọ́n tó pinnu.

Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án, ó kan ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. Ìjì ńlá wó àwọn òpó ní South Australia, voltage ń já wálẹ̀, ó ń dìde, ó tún ń já. Àwọn ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fara dà á lákọ̀ọ́kọ́. Ṣùgbọ́n nínú kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ nínú wọn, nọ́ńbà kan wà tó ń ka iye ìgbà: bó bá ti ju báyìí lọ láàárín ìṣẹ́jú méjì, kúrò. Wọ́n kà á pé, wọ́n kúrò, mẹ́gáwáàtì 456 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Wáyà tó so ìpínlẹ̀ náà mọ́ aládùúgbò rẹ̀ fẹ́ fa gbogbo ẹrù yẹn, kò lè fà á, òun náà já. Gbogbo ìpínlẹ̀ ṣókùnkùn. Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yẹn ni pé àwọn tó ń ṣọ́ gíríìdì ò mọ̀ pé nọ́ńbà yẹn wà níbẹ̀.

Mo lè bá àwọn yẹn wí o, ṣùgbọ́n tèmi náà wà níbẹ̀.

Mo ti kúrò ní yàrá òru nígbà yẹn, mo ti di ẹni tó ń dán pápá sólà wò kí wọ́n tó so ó mọ́ gíríìdì. Pápá kan wà tó ní inverter 48. Nínú ojú kékeré tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, èèyàn gbọ́dọ̀ yan òfin gíríìdì tí ẹ̀rọ náà máa tẹ̀lé, láti inú ìwé àkójọ gígùn kan. Márùn-ún ni mo ṣí wò. Márààrún péye. Mo bi ẹni tó so wọ́n pé àwọn tó kù ńkọ́, ó ní, "Bákan náà ni, ọ̀gá." Oòrùn ti mú wa, mo fọwọ́ sí i.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà mo wà níbẹ̀ lọ́sàn-án fún iṣẹ́ mìíràn. Ẹ̀ka igi kan kan wáyà ní ibi tó tó kìlómítà 30 sí wa. Voltage já wálẹ̀, ó sì padà kó tó pé ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni tó ń tẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù ò ní mọ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni kàà! Kàà-kàà-kàà-kàà láti ìlà kìn-ín-ní dé ìlà tó kẹ́yìn, bí ẹni ń fi ọ̀pá lu páànù. Irin inú inverter tó ń ṣí ni, 43 nínú 48. Àwọn márùn-ún tí mo yẹ̀ wò ló dúró.

Ìyẹn nìkan kọ́. Nọ́ńbà mìíràn nínú wọn ní kí wọ́n dúró ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó padà. Àwọn 43 jọ ń ka ìṣẹ́jú márùn-ún pọ̀. Nígbà tó pé, gbogbo wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, nínú oòrùn tó ń ta bí iná, voltage ìpẹ̀kun ìlà wa fò sókè, àwọn kan tún ní ó ti ga jù, kàà, wọ́n tún sá jáde. Báyìí ni wọ́n ṣe ń wọlé tí wọ́n ń jáde. Fóònù mi dún. Ẹni tí a jọ ṣiṣẹ́ òru rí ni: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀ ń ta iná fún wa ni àbí ẹ̀ ń fi ṣeré?"

Òfin ilé iṣẹ́ tó ṣe inverter yẹn, bó ṣe jáde látinú páálí, ló wà nínú wọn. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Mo gbé laptop, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìn-ín-ní. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó dé èyí tó kẹ́yìn, mo fi tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu kí n lè fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀wé. Nínú ìròyìn tí mo kọ, mo kọ ọ́ pé ẹni tó fọwọ́ sí i ò yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá sọ "bákan náà ni" fún mi, mo máa ń ní kí wọ́n ṣí i kí n rí i.

Ẹ̀kọ́ tí a wá ń kọ́ àwọn ẹ̀rọ yìí báyìí, òdìkejì èyí tí a kọ́ wọn tẹ́lẹ̀ ni. Wọ́n tún IEEE 1547 kọ lọ́dún 2018: bí voltage bá já wálẹ̀, dúró, bá wa gbé e ró bó o bá lè ṣe é. Ní Jámánì, dípò kí inverter pa ara rẹ̀ ní 50.2, láti ibẹ̀ lọ sókè ni yóò ti máa dín iná rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀.

Bátìrì tún gba iwájú ìyẹn lọ. Lẹ́yìn òkùnkùn ọdún 2016, South Australia ra bátìrì mẹ́gáwáàtì 100 tí wọ́n gbé sí Hornsdale. Elon Musk, ọ̀gá Tesla tó ṣe é, ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé bí kò bá parí láàárín ọjọ́ 100, ọ̀fẹ́ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá ọdún 2017. Oṣù yẹn ò tíì parí tí ẹ̀rọ èédú kan tó ń mú mẹ́gáwáàtì 560 jáde ní ìpínlẹ̀ kejì fi kú lójijì, bátìrì yìí sì yára ti iná síta. Láti 2022 ni wọ́n ti gbà á láyè láti ṣe ju ìyẹn lọ: kó má dúró de ìlù mọ́, kó máa lu tirẹ̀, bí irin tó ń yí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ibo ni kí a ná owó sí, ibẹ̀ ni màá kọ́kọ́ nawọ́ sí.

Áyálándì ní tiwọn gba irin padà. Wọ́n rọra ń gbé òdiwọ̀n sókè, láti ìdá 50 nínú 100 títí tó fi dé 75 lọ́dún 2022, ìyẹn iye iná tí wọ́n gbà kó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí kò ní irin nínú, nígbàkígbà. Ní Moneypoint, níbi tí wọ́n ti jó èédú títí di ọdún 2025, wọ́n gbé irin kan kalẹ̀ tó tó tọ́ọ̀nù 130. Kì í mú iná kankan jáde. Yíyí ló kàn ń yí. Mo fẹ́ràn nǹkan yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ti Sípéènì àti Pọ́túgà, ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2025, ariwo ti pọ̀ jù lórí ẹ̀. Àwọn kan ní sólà ló fà á, àwọn kan ní kò kàn án rárá. Ní aago 12:33 ọ̀sán, voltage gòkè, ilé iṣẹ́ kan já, voltage tún gòkè sí i, òmíràn já, nǹkan bíi mẹ́gáwáàtì 15,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Lójú tèmi, ohun tó yẹ kí ènìyàn wò ni pé ọ̀pọ̀ sólà tó wà lórí ìlà lọ́jọ́ náà ni òfin ti ní kó máa rìn ní ìwọ̀n kan náà, kó má dá sí ọ̀rọ̀ voltage. Wọ́n lágbára láti ṣèrànwọ́, a ò ní kí wọ́n ṣe é. Lẹ́yìn tí iná ti lọ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún òfin yẹn ṣe.

Ó yá, ti òru tí àbúrò mi béèrè. Ohun tí a mọ̀ pé ó ń bọ̀ kì í dẹ́rù bà wá. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 2015, òṣùpá bo oòrùn lójú ní Yúróòpù láàárọ̀, gbogbo sólà ibẹ̀ lọ sílẹ̀ ó sì tún dìde kíákíá. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, torí wọ́n ti múra sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́ náà bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́dún 2013 ni àwọn tó ń ṣọ́ gíríìdì California ya àwòrán kan tí wọ́n sọ ní pẹ́pẹ́yẹ: ikùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lọ́sàn-án nígbà tí sólà kún, ọrùn rẹ̀ nà sókè ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn lọ tí gbogbo ènìyàn sì ń tan iná. Bátìrì tí wọ́n fi ń tẹ ọrùn yẹn wálẹ̀ ti kọjá mẹ́gáwáàtì 10,000 lọ́dún 2024. Ní Wales, ilé iṣẹ́ amúnáwá Dinorwig ti ń fa omi gun òkè, ó sì ń tú u sílẹ̀ láti fi mú iná jáde, láti 1984. Wáyà tó gba abẹ́ òkun láti Nọ́wè dé Jámánì, kìlómítà 623, ń gbé iná omi Nọ́wè pàdé iná afẹ́fẹ́ Jámánì láti 2021. Ẹ tún lè sún ìlò fúnra rẹ̀: kí ọkọ̀ oníbátìrì gba iná lọ́sàn-án dípò ìrọ̀lẹ́.

Èyí tó ṣì le ni ọ̀sẹ̀ tí kò sí oòrùn tí kò sì sí afẹ́fẹ́. Àwọn ará Jámánì ní orúkọ fún un, Dunkelflaute. Bátìrì wákàtí mẹ́rin ò lè gbà yín níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń ta bátìrì sọ nǹkan mìíràn fún yín. Wáyà náà ò sì tó. Ó máa ń bí mi nínú nígbà tí wọ́n bá pè wá ní ọ̀sán gangan pé ká dín iná kù, ìlà ti kún.

Oṣù tó kọjá mo padà sí pápá inverter 48 yẹn. Mo wà nínú yàrá kékeré, mo ń to ìwé, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ náà. Ní 14:06, voltage já wálẹ̀ sí ìdá 38 nínú 100, ó sì padà. Mo ka orúkọ àwọn tó wà lórí ìlà lẹ́yìn ẹ̀, láti orí ìkíní. Wọ́n pé 48. Mo tún kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.